Mòdákì Mọ́kànlélógún fún Ganesha

Ẹ fa àga yín súnmọ́ mi díẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò gba ìkánjú, nítorí àwọn tó wà nínú rẹ̀ pọ̀. Ọ̀kan ní orí erin. Ọ̀kan ní apá mẹ́wàá. Ọ̀kan sùn sórí ejò bí ẹni sùn sórí ẹní. Nígbà tí mo wà nílé, n kò mọ ọ̀kankan nínú wọn. Brampton, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Toronto, ni mo ti mọ̀ wọ́n, nínú yàrá ìyá àgbàlagbà kan tí mo ń tọ́jú. Nítorí oúnjẹ tí mo fi ahọ́n kàn, díẹ̀ ló kù kí n ba ọdún wọn jẹ́.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí. Nínú agboolé wa, a kì í pe ènìyàn lásán. Bí o bá jí tí o lọ kí ìyá wa àgbà, wọn yóò kọ́kọ́ kì ọ́ dé ọ̀dọ̀ bàbá tó bí bàbá rẹ kí wọ́n tó bèèrè bóyá o sùn dáadáa. Àárọ̀ mìíràn wà tí ebi á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí kí wọ́n tó kì mí tán. Mo wá di olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo fi ìtàn kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́rìnlélógún. Ẹnu ni iṣẹ́ mi. Ìgbà tí mo dé Toronto ni mo tó mọ̀ pé ẹnu lè wà láìríṣẹ́ ṣe.

Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí kì í ṣe òtútù. Wọ́n ti sọ ti òtútù fún mi títí ó fi sú mi. Lífítì ni. Èmi àti ọmọ mi Tèmi ń gbé ilé alájà mẹ́tàdínlógún ní North York, nítòsí yunifásítì rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta tí mo dé, mo wọ lífítì, mo bá ènìyàn márùn-ún nínú rẹ̀. Mo tẹ orúnkún fún bàbá kan tó ní ewú, mo ní, "Good morning, sir. Good morning, everybody." Gbogbo wọn ń wo ilẹ̀kùn. Bàbá náà yọ nǹkan kan kúrò létí, ó ní, "Sorry?" Mo tún un kí. Ó ní, "Oh." Lífítì ṣí, oníkálukú sì bá tirẹ̀ lọ.

Mo sọ fún Tèmi nígbà tó dé láti kíláàsì.

"Mummy, ẹ má kúnlẹ̀ fún ènìyàn nínú lift mọ́. They'll think you fell."

"Ẹni tó bá ṣubú ló máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́ ni?"

"Mummy, please."

Mo gbọ́. Mo jáwọ́ nínú kíkúnlẹ̀. Mo jáwọ́ nínú kíkí pàápàá, àfi awakọ̀ bọ́ọ̀sì, nítorí òun ò lè sá lọ. Fún oṣù mọ́kànlá, kò sí ẹni tó pè mí ní oríkì mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé lè máà mọ ohun tí ìyẹn ń ṣe fún ènìyàn. Ara kì í dùn ọ́, oúnjẹ ń lọ, oorun ń wá, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣe ọ́ bí ẹni tí wọ́n gbé wá láìgbé òjìji rẹ̀ tẹ̀ lé e.

Nígbà tí mo parí ẹ̀kọ́ ìtọ́jú àgbàlagbà, ilé-iṣẹ́ tó gbà mí fún mi ní ilé kan ní Brampton, àárọ̀ mẹ́rin lọ́sẹ̀. Reluwé abẹ́lẹ̀ kan, bọ́ọ̀sì méjì. Obìnrin tó ṣílẹ̀kùn fún mi ń jẹ́ Sunita. Ó ti wọ aṣọ iṣẹ́, ó sì ń fi ọwọ́ kan wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ kiri. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Auntie. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ bàtà síbẹ̀. Ìyá ọkọ mi wà nínú yàrá. Ájì la máa ń pè wọ́n, ìyá àgbà ni ìtumọ̀ rẹ̀. Wọ́n máa bá yín jà, ẹ má bínú."

Ájì jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ ni wọ́n nílùú Pune, ní India, kí ọkọ wọn tó kó wọn wá sí Canada. Wọ́n ṣubú ní ọdún méjì sẹ́yìn, egungun ìbàdí wọn sẹ́, láti ìgbà náà ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n fi ń rìn, ọwọ́ wọn sì ń gbọ̀n. Wọ́n jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n kéré bí ọmọ ìwé, wọ́n ń wo mí.

Èmi kò wo wọ́n. Ògiri tó wà lẹ́yìn wọn ni mò ń wò. Pẹpẹ kan wà níbẹ̀ tí iná kékeré ń jó lórí rẹ̀, pẹ̀lú òdòdó, pẹ̀lú ère àti àwòrán tí n kò lè kà tán. Ọ̀kan ní orí erin àti ikùn ńlá. Ọ̀kan aláwọ̀ búlúù fi ejò ṣe ẹ̀gbà ọrùn. Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni mí, mo ti ń pe ẹ̀jẹ̀ Jésù nínú ikùn mi kí n tó mọ̀.

"Ẹ̀rù ń bà ọ́," ni Ájì wí.

"Rárá, mà."

"Ó ń bà ọ́. Ò ń wo ọmọ mi olórí erin yẹn bí ẹni pé ó fẹ́ gba àpò lọ́wọ́ rẹ."

Ẹ̀rín pa mí, n kò mọ̀gbà tí mo bèèrè ohun tí ìyá wa àgbà ìbá bèèrè. Mo ní, "Mà, kí ni oríkì rẹ̀?"

Wọn ò mọ oríkì. Mo ṣàlàyé: orúkọ tí a fi ń pe ènìyàn tí orí rẹ̀ fi ń wú, ohun tó ti ṣe, ohun tó ń jẹ, ẹni tó bá jà, ibi tó ti ṣẹ́gun. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni ojú Ájì ń là. Wọ́n na ọwọ́ kí n gbé wọn dìde.

"Àwa náà ní in," ni wọ́n wí. "Ti Vishnu, ẹyọ kan péré nínú wọn, pé ẹgbẹ̀rún. Jókòó."

"Ẹ ò tíì wẹ̀, mà."

"Ẹni tó ń wẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ ni?"

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nínú balùwẹ̀, nídìí tíì, nígbà tí mo ń ya irun wọn, nígbà tí a bá ń fi ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin rin ọ̀nà ìta ilé lọ bọ̀, ìtàn ni. Mo tó ẹni àádọ́ta ọdún ó lé, àmọ́ mo ń kánjú lọ síbi iṣẹ́ bí ọmọ tó gbọ́ pé àlọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ganesha olórí erin ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ pè kí wọ́n tó dáwọ́ lé ohunkóhun, ìbáà ṣe ìgbéyàwó, ìbáà ṣe ìdánwò, ìbáà ṣe ọkọ̀ tuntun. Òun ló ń ṣí ọ̀nà tó dí. Parvati ìyá rẹ̀ fẹ́ wẹ̀, kò sí ẹni tí yóò ṣọ́lẹ̀kùn fún un. Ó bá fi atalẹ̀ pupa tó fi para mọ ọmọkùnrin kan, ó mí sí i, ó ní, "Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé." Shiva bàálé ilé dé láti orí òkè tó ti lọ jókòó ronú fún ọjọ́ gbọọrọ. Ọmọ ní kò wọlé. Bàbá ní ilé òun ni. Ọmọ ní òun ò mọ̀ ọ́n. Ni Shiva bá bínú, ó bẹ́ orí ọmọ náà.

Mo dá búrọ́ọ̀ṣì irun dúró. "Bàbá wo ló ń bẹ́ orí ọmọ rẹ̀?"

"Bàbá tó pẹ́ lẹ́yìn odi," ni Ájì wí. "Kò mọ̀ pé òun lọ́mọ."

Parvati sunkún débi pé ayé fẹ́ parẹ́. Shiva rán àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ pé orí ẹ̀dá àkọ́kọ́ tí wọ́n bá pàdé ni kí wọ́n gbé wá. Erin ni wọ́n pàdé. Wọ́n gbé orí erin lé ọmọ lọ́rùn, ó jí, bàbá rẹ̀ sì dá a lọ́lá pé kí gbogbo ayé máa kọ́kọ́ pè é kí wọ́n tó pe ẹlòmíràn.

Mo ro ìtàn yẹn títí nínú bọ́ọ̀sì. Mo mọ bàbá kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa tó fi ọmọ sílẹ̀ lọ́mọ ọdún méjì, tó tún rí i lọ́mọ ọdún mọ́kànlá ní pápákọ̀ òfuurufú. Ọmọ náà kí i, "Good evening, sir." Bàbá ọ̀hún sọ pé bí idà ni ó ṣe wọ òun lára. Ìrìn àjò máa ń bẹ́ orí nǹkan láàárín ẹbí. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló máa ń rí orí mìíràn gbé lé e.

Mo bèèrè lọ́jọ́ kan pé ta ni ọ̀gá nínú wọn. Ájì ní ẹni mẹ́ta ló di ayé mú: Brahma ń dá a, Vishnu ń tọ́jú rẹ̀, Shiva ń fòpin sí i kí tuntun lè bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní bí ìkòkò ni: ẹnìkan mọ ọ́n, ẹnìkan ń lò ó tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹnìkan ń fọ́ ọ kí amọ̀ lè padà di amọ̀. Vishnu ló ń sùn lórí ejò lójú agbami. Bí ayé bá ti wọ́, á gbé àwọ̀ mìíràn wọ̀, á sọ̀ kalẹ̀ wá tún un ṣe. Ó ti wá bí ẹja, ó ti wá bí ìjàpá, ó ti wá bí ọba Rama tí kì í yẹ àdéhùn, ó ti wá bí Krishna tó máa ń jí bọ́tà jẹ ní kékeré tí ìyá rẹ̀ sì so ó mọ́ odó. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n wé àwọn òrìṣà tiwa. Ájì ní kí n ṣe sùúrù, kí n kọ́kọ́ mọ àlejò kí n tó máa sọ ẹni tó jọ.

Hanuman ọ̀bọ ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Wọ́n rán an lọ já ewé kan lórí òkè láti fi wo ẹni tó ń kú lọ. Nígbà tó débẹ̀, kò dá ewé náà mọ̀, ló bá gbé òkè odindi rù padà. Mo ní, "Èmi nìyẹn ní ìsọ̀ yín níbí. Mo lọ ra ọṣẹ ìfọṣọ, gbogbo rẹ̀ jọra, mo ru mẹ́fà wálé." Ájì rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn.

Ní ti àwọn obìnrin wọn, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀. Lakshmi ló ni ọrọ̀ àti ire. Ó dúró lórí òdòdó inú omi, wọ́n sì máa ń tan fìtílà sí gbogbo ẹnu ọ̀nà fún un nígbà ọdún Diwali kó lè rí ilé tí yóò yà sí. Saraswati ló ni ìmọ̀. Ó gbé ìwé dání, ó gbé ohun orin olókùn dání, ẹyẹ funfun rẹ̀ sì mọ bí a ṣe ń ya wàrà kúrò lára omi. Mo ní òun ni ó yẹ kó ṣe gíwá ilé-ìwé wa. Durga ní tirẹ̀, nígbà tí ẹfọ̀n burúkú kan ṣẹ́gun gbogbo àwọn ọkùnrin òkè ọ̀run, oníkálukú wọn wá kó ohun ìjà tirẹ̀ fún un, ó fi apá mẹ́wàá gbà á, ó gun kìnnìún lọ, ó pa ẹfọ̀n. Sunita gbọ́ èyí bó ṣe ń kọjá pẹ̀lú aṣọ tó fẹ́ fọ̀. Ó ní, "Apá mẹ́wàá, kí ló wá le níbẹ̀? Kó wá ṣe ṣífìtì, kó wá gbé ọmọ lọ sí swimming."

Mo bi Ájì bóyá ó jẹ́ Ọlọ́run púpọ̀ tàbí ẹyọ kan. Wọ́n ní, "Sunita ń pè mí ní ìyá, àwọn ọmọ rẹ̀ ń pè mí ní Ájì, dókítà ní aláìsàn, ọkọ mi ní orúkọ kan tí n kò ní sọ fún ọ. Ènìyàn mélòó ni mí? Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé ẹyọ kan ni, ojú ló pọ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí láti Ìsẹ́yìn ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Inú wọn ò dùn.

"Tèmi ní abọ̀rìṣà lò ń tọ́jú."

"Ìyá àgbà ni mò ń tọ́jú, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ṣé o ò máa bá wọn forí balẹ̀?"

"Mi ò forí balẹ̀. Mò ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì mi ní gbogbo Sunday. Ìtàn ni wọ́n ń sọ fún mi."

"Ìtàn wo?"

"Ti ẹni tó ní orí erin, tó ń gun èkúté."

Mo gbọ́ adìẹ lẹ́yìn wọn. "Erin gun èkúté?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Èkúté ọ̀hún ò kú? Ó dáa, sọ ọ́. Mo ní data."

Wákàtí kan la lò. Kí wọ́n tó gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n kì mí. Wọ́n ò sọ pé àwọn fẹ́ kì mí, ó kàn jáde lẹ́nu wọn ni, láti orí mi dé ọ̀dọ̀ bàbá tó bí bàbá wa. Mo jókòó sórí àga ilé ìdáná wa ní North York, mo gbà á bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń gba òjò.

Nígbà tó di òpin oṣù kẹjọ, ọ̀rọ̀ kan délẹ̀ nílé Ájì. Ọdún Ganesha ń bọ̀. Lọ́dọọdún, ère amọ̀ tuntun ni wọ́n máa ń gbà lálejò. Á lo ọjọ́ kan àbọ̀, wọn á ṣìkẹ́ rẹ̀, wọn á dá a padà sínú omi. Ẹbí kan, ilé kan ni. Ibi tí wọ́n bá ti ń gbà á ni gbogbo ẹbí ń kó wá. Láti ìgbà tí Ájì ti dé Canada, ilé wọn ni. Oúnjẹ tó fẹ́ràn jù ni mòdákì, ìyẹ̀fun ìrẹsì tí wọ́n fi àgbọn, ṣúgà ìrèké àti kóró olóòórùn kan tí wọ́n lọ̀ sí nínú, tí wọ́n ká bí òdòdó tí kò tíì là, tí wọ́n wá fi ooru omi sè. Mọ́kànlélógún ni. Láti ìgbà tí Ájì ti ṣubú, ìsọ̀ ni wọ́n ti ń rà á.

Prakash, ọkọ Sunita, àkọ́bí Ájì, jókòó tì wọ́n ní àárọ̀ Sátidé kan tí mo wà níbẹ̀. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ akẹ́rù kan ní Woodbridge. Ó ní, "Ìyá, èmi àti àbúrò mi ti sọ̀rọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní àyè ní Calgary lọ́hùn-ún. Ẹ jẹ́ kí Ganesha máa lọ sọ́dọ̀ wọn láti ọdún yìí lọ. Níbí, kò sí ẹni tó ń ṣe nǹkan kan nílé mọ́."

Nígbà tó jáde, wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Bí Ganesha bá ti kúrò nílé yìí, ohun tó kàn ni pé kí wọ́n wá ibi tí wọ́n máa gbé èmi náà lọ. Mo mọ̀ wọ́n. Èmi ni mo bí wọn."

Ní àárọ̀ Monday, wọ́n pe Prakash kó tó lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n ní bí wọ́n bá ṣe mòdákì mọ́kànlélógún nínú ilé yìí, tó délẹ̀ níwájú Ganesha kí ọ̀sán tó pé, ṣé á jẹ́ kó máa wá síbí? Prakash ní, "Ìyá, ta ló máa ṣe é? Ọwọ́ yín ń gbọ̀n, Sunita ò ká a rí."

Ájì fi àgbọ̀n júwe mi.

"Auntie? Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n."

"Ṣé ọwọ́ rẹ̀ náà ti ṣe ìtẹ̀bọmi ni?"

Prakash rẹ́rìn-ín láìfẹ́. Ó ní, "Ó dáa. Bí kò bá yọrí, ẹ máa gbà pé Calgary ni." Ájì ní àwọn gbà.

Èmi náà bá ara mi sọ̀rọ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Mo bi ara mi bóyá oúnjẹ tí mo fẹ́ sè fún ìyá àgbà tí inú rẹ̀ bàjẹ́ ni, tàbí oúnjẹ òrìṣà. Mo gbàdúrà sí i. Ọkàn mi balẹ̀ pé ìyá àgbà ni mo rí lójú mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi kọ́ ọ. Ìyẹ̀fun ìrẹsì nínú omi gbígbóná, ọwọ́ mi mọ ìyẹn. Ẹni tó bá ti ro ọkà rí, kò ní ṣòro fún un láti pò ó. Kíká ni wàhálà. O máa fi àtàńpàkò ṣe é bí ife, wàá ṣẹ́ ẹ ní ìṣẹ́po bí ẹni ṣẹ́ etí yẹ̀rì, wàá kó gbogbo rẹ̀ jọ sí ṣóńṣó. Àkọ́kọ́ tí mo ṣe, Ájì yí i po lójú, wọ́n ní, "Èyí jọ etí mi." Èkejì, wọ́n ní ó jọ etí ọkọ àwọn. Àwọn yẹn la máa ń jẹ, tí mo sì ń tọ́ ọ wò kí n mọ bí ṣúgà ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n Ájì kìlọ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mẹrin: ní ọjọ́ ọdún, kò sí ìtọ́wò. Ahọ́n ènìyàn kì í kọ́kọ́ dé ibi tí Ganesha máa jẹ. Òun ni àlejò, òun ló ń kọ́kọ́ jẹ.

Mo gbọ́. Mo tún un sọ fún wọn kí wọ́n mọ̀ pé mo gbọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ ọdún pé. Mo ti wẹ̀ nílé, mo tún wẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ti gbé Ganesha sí pálọ̀ láàárín òdòdó, ojú rẹ̀ ń dán. Ẹbí ń bọ̀ ní ọ̀sán. Sunita mú Ájì lọ wọ aṣọ, Prakash ń so iná wẹ́wẹ́ mọ́ ògiri. Èmi nìkan ni mo kù nídìí ìkòkò. Àgbọn àti ṣúgà ti dàpọ̀, òórùn rẹ̀ gba ilé. Mo fi ṣíbí bù ú, mo da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ òsì mi, mo lá a. Mo ní, "Hmn, ó kù díẹ̀."

Lẹ́yìn náà ni mo rántí ìkìlọ̀ Ájì.

Ẹ gbọ́, èmi kọ́ ni mo ṣe é. Ọwọ́ mi ni. Ogójì ọdún ni ọwọ́ yìí ti ń da ọbẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ìyá mi ló kọ́ ọ, ìyá tiwọn ló kọ́ wọn. Nílé wa, ẹni tó bá gbé oúnjẹ fún àlejò láìtọ́ ọ wò ni kò mọ iyì àlejò. Mo wo ẹ̀yìn. Kò sí ẹni tó rí mi. Aago mẹ́wàá ti lù. Àgbọn tó wà nílé ti tán sínú ìkòkò yẹn.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká a. Mo ká ọ̀kan, mo ká méjì. Mo ní lọ́kàn mi pé bí mo bá sọ ọ́, Calgary ni, ìyá yìí á sì di ẹni tí wọ́n ń gbé kiri. Bí n kò bá sọ ọ́, ta ló pa lára? Ìkeje ló dára jù nínú gbogbo èyí tí mo ti ká láti ọjọ́ tí mo ti ń kọ́ ọ, ìṣẹ́po rẹ̀ tò bí afárá oyin. Mo gbé e sílẹ̀, mi ò lè wò ó. Ọ̀rọ̀ wọn ni pé ẹni yìí ń ṣí ọ̀nà. Èmi kò gbà á ní Ọlọ́run, ṣùgbọ́n Ájì gbà mí ní ènìyàn.

Ìgbà tí Sunita mú wọn wọlé, tí wọ́n ti wọ sárì pupa, mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ájì, mo tọ́ ọ wò."

Prakash sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà. Kò pariwo. Ó ní, "Ó tán nìyẹn. Ìyá, a gbìyànjú. Màá pe Calgary."

"Prakash, dúró ná," ni Sunita wí. "Èyí tá a rà lọ́dún tó kọjá, ta ló sè é?"

"Ìsọ̀ ni."

"Ṣé o bi wọ́n bóyá wọ́n tọ́ ọ wò?"

Prakash ń ká wáyà iná wẹ́wẹ́ mọ́ ọwọ́.

"Wọn ì bá sọ fún ọ? Auntie ló sọ fún wa. Kò sí ẹni tó mú wọn." Ó ti ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀. "Àgbọn tí wọ́n ti rin wà nínú fìríìsà ìsọ̀ ìta yẹn. Ogún ìṣẹ́jú, àlọ àti àbọ̀."

Gbogbo wa wo Ájì. Wọ́n ní kí n dìde. Wọ́n ní, "Báwo ló ṣe rí?"

"Mà?"

"Lẹ́nu. Báwo ló ṣe rí?"

"Ó dùn, mà. Kóró olóòórùn yẹn ló kù díẹ̀. Ó sì fẹ́ iyọ̀ bíńtín."

Ájì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọ́n di etí tábìlì mú. "Ó lé ní ọgọ́ta ọdún tí mo ti ń sè é, mi ò mọ bó ṣe rí rí kó tó dé iwájú rẹ̀. Gbogbo ọdún yẹn, mo kàn ń retí pé kó ṣàánú mi ni. Sunita, yára. Kó ìyẹn sọ́tọ̀, àwa la ó jẹ ẹ́. Kóró yẹn, ẹ fi kún un. Ẹ fi iyọ̀ sí i."

Ah, ẹ ò rí wa. Mo fọ ìkòkò bí ẹni fẹ́ bó o. Mo fi ìborùn di imú àti ẹnu mi pọ̀ bí adigunjalè, kí ahọ́n má bàa rí ọ̀nà. Sunita dé, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣoṣo ló rántí bọ́. A da àgbọn síná. Mo ní kí Prakash wá bá mi po ìyẹ̀fun, ó ní òun ò mọ̀ ọ́n, Ájì ní, "Ìwọ lo fẹ́ ṣẹjọ́, wá pò ó." Ó ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó pò ó, òógùn ń bọ́ níwájú orí rẹ̀. Sunita bẹ̀rẹ̀ sí í ká. Tirẹ̀ ń ya, ó ń bú u, ó ń tún un ká. Ájì gba ọ̀kan, wọ́n gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ wọn tó ń gbọ̀n, mo fi ọwọ́ mi gbé ọwọ́ wọn ró lábẹ́, àwa méjèèjì ṣẹ́ ẹ pọ̀. Agogo ẹnu ọ̀nà ń dún, àlejò ń wọlé, a ò dá wọn lóhùn.

Mọ́kànlélógún. Ooru ṣì ń jáde lára wọn nígbà tí Prakash gbé àwo náà síwájú Ganesha, tí ọ̀sán ku ìṣẹ́jú díẹ̀. Mẹ́sàn-án dára, mẹ́fà ṣeé wò, ìyókù jọ etí oríṣiríṣi ènìyàn.

Wọ́n kọrin wọn, wọ́n fi iná yí i ká. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, mi ò forí balẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí, ìyá kan nínú àlejò bèèrè pé ta ló ṣe mòdákì, Ájì fà mí jáde. Ojú ogún ènìyàn wà lára mi. Ohun tí mo lè ṣe nìkan ni mo ṣe. Mo kúnlẹ̀ síwájú Ájì, mo sì kì wọ́n, ní Yorùbá, ní ohùn ìyá wa àgbà:

"Ájì, ìyá Prakash, ọmọ Pune,
Ẹni tó gbé àlejò ńlá la òkun já tí amọ̀ rẹ̀ ò sán;
Akọ̀wé tó fi ẹnu kọ ìtàn sí mi létí,
Ọwọ́ ń gbọ̀n, ọkàn ò gbọ̀n,
Ẹni ṣubú tí ilé rẹ̀ ò bá a ṣubú."

Wọn ò gbọ́ Yorùbá. Ṣùgbọ́n mo rí orí Ájì tó wú lójú mi báyìí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo lo ohùn mi ní Canada. Kò sí ẹni tó wo ilẹ̀kùn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo padà wá, kì í ṣe pé ṣífìtì kàn mí. Wọ́n gbé Ganesha lọ sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n gbé e sínú korobá omi ńlá. Díẹ̀díẹ̀ ló ń yọ́, etí rẹ̀ kọ́kọ́ lọ, ikùn rẹ̀ tẹ̀ lé e, omi di àwọ̀ amọ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fi ń sìn ín, gbogbo ilé ló ń pa á pọ̀: kó tètè padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Wọ́n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Prakash dúró ti korobá, ó ń wo omi. Nígbà tí gbogbo ènìyàn ti dákẹ́, òun nìkan tún un sọ ní Gẹ̀ẹ́sì, bóyá kí n lè gbọ́.

"Kó tètè padà wá lọ́dún tó ń bọ̀," ó ní. "Sí ilé yìí."

Ájì di ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin wọn mú. Etí wọn mú ju tèmi lọ. Wọ́n máa ń gbọ́ bí mo bá ń dín iyọ̀ kù ní ilé ìdáná.

"Tún un sọ," ni wọ́n wí. "Mi ò gbọ́ dáadáa."

Ó sì tún un sọ.